Nọ́ńbà Tí Mo Tẹ̀ Sínú Fóònù Bàbá Mi

Falilat ni orúkọ mi. Tí ẹ bá dé Osi, tí ẹ béèrè obìnrin tó ń tún fóònù ṣe, ẹ ò ní bi ẹnì kejì kí wọ́n tó nàka sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo mọ iṣẹ́ mi. Èyí tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, kì í ṣe pé n kò mọ̀ọ́ṣe ló fà á. Mo mọ̀ ọ́n jù ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi. Èmi náà ti bú ara mi títí, ó ti sú mi.

Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà. Isolo-Ọ̀pin ló ń gbé, oko kajú ló sì fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìjókòó. "Tíṣà" ni tọmọdé tàgbà ń pè é, títí kan àwọn tí kò kọ́ rí. Ìyá wa ti di ẹni Ọlọ́run. Àwa ọmọ mẹ́ta ló kù: Bọ̀dá Umar ní Àbújá, Saadat ní Èkó, àti èmi. Nígbà tí ilé ọkọ lé mi jáde, ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo gbé ẹrù mi padà sí. Ibẹ̀ ni mo ti ń gun ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ tó wà nílé, ẹ mọ ohun tí ojú wa ń rí. Àwọn tó wà ní ìdálẹ̀ ló ń pàṣẹ, àwa la ń sáré. Òrùlé jò, Falilat. Bàbá wúkọ́, Falilat. Tí wọ́n bá wá ṣe ọdún Iléyá, gbogbo àdúgbò á máa yin àgbò tí wọ́n rà, kò sẹ́ni tó máa bi ẹni tó fọ ìfun rẹ̀ léèrè. Tí ọ̀rọ̀ bá sì le díẹ̀, wọ́n á rán mi létí pé ilé ọkọ ni mo ti bọ̀.

Ọdún kejì rèé tí dókítà kan ní Ìlọrin sọ fún Bàbá pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́, wọ́n ní kó máa lọ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bọ̀dá Umar bá sọ ọ́ di òfin. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí n gbé Bàbá lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, kí n sì kọ nọ́ńbà tí wọ́n bá bá sórí Wọ́sáàpù ẹbí kó tó di ọ̀sán.

Ìbídùnní ni nọ́ọ̀sì tó máa ń dá wa lóhùn níbẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n èrò máa ń pọ̀, a sì máa ń jókòó títí ìdí á fi máa ro wá. Ṣọ́ọ̀bù mi á wà ní títì. Àwọn oníbàárà á máa pè mí, "Ìyá oní-fóònù, a dé o, a ò bá yín," wọ́n á sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Bàbá pàápàá kórìíra ẹ̀rọ apá, èyí tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá. "Kí wọ́n máa fún èèyàn lápá bí ẹni tó jalè," ló máa ń sọ tí wọ́n bá ti ń de ẹ̀rọ náà mọ́ ọn lápá. Bọ̀dá Umar ti fi èyí tó ń lo bátìrì ránṣẹ́ sílé rí. Eku jẹ rọ́bà rẹ̀ kó tó pé oṣù méjì.

Iléyá tó kọjá, Bọ̀dá Umar gbé fóònù ńlá kan wá fún Bàbá. Mo yí i síwá sẹ́yìn, bí a ṣe ń ṣe. Mo rí ojú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà rẹ̀ lẹ́yìn. Tí èèyàn bá gbé ìka lé e, á tan iná pupa, á sì ka iye ìgbà tí ọkàn ń lù.

"Èyí ń ka ọkàn," Bọ̀dá Umar wí. "Àwọn tó ju èyí lọ máa ń ka ìfúnpá. Èyí ò lè kà á."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" mo dá a lóhùn.

"Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló sọ bẹ́ẹ̀. Àbí ìwọ mọ̀ ju àwọn náà lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Saadat náà rẹ́rìn-ín. Ẹ ò mọ bí ẹ̀rín yẹn ṣe wọ̀ mí lára tó.

Wọn ò tíì dé ilé wọn tí mo fi pe Abdulqoyyum. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìlọrin, kò sí ilẹ̀kùn tó wà nínú fóònù tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

"Fáìlì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi," ó ní. "Ilé iṣẹ́ tì í pa lórí fóònù yẹn nítorí pé ojú tó ní ò lágbára tó. Tí o bá fẹ́, á ṣí."

"Ìyẹn ni mò ń wá."

"Dúró ná, Falilat. Pé ó ṣí ò sọ pé òótọ́ ló máa sọ o. Kó tó bẹ̀rẹ̀, á béèrè nọ́ńbà tí ẹ̀rọ apá bá lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ibẹ̀ ló ti máa mú ìwọ̀n. Oṣooṣù ló sì máa béèrè. Tí o bá purọ́ fún un, irọ́ yẹn náà ni á máa pa fún ọ padà."

"Mo gbọ́."

"Má lò ó fún ẹni tára rẹ̀ ò yá o."

"Mo ní mo gbọ́ ná!"

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé n kò gbọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo jókòó ti fóònù náà ní yàrá ìgbàlejò wa. Bàbá fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìdánwò. Fóònù kú, ó jí, ó tún kú. Nígbà tó jí lẹ́ẹ̀kẹta, àyè ìfúnpá ti yọ síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Mo pariwo. Bàbá náà pàtẹ́wọ́.

Ni fóònù bá ní kí n tẹ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ apá bá lónìí.

Ilé ìwòsàn ò sí ní ṣíṣí lọ́jọ́ náà. Ohun tó tọ́ ni kí n pa á tì títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n Bàbá ti na ìka rẹ̀ síwájú, ó ń dúró. Mo fa káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ jáde. Nọ́ńbà ibẹ̀ ń lọ sókè, ó ń wálẹ̀: 158, 149, 162. Ẹyọ kan péré ló dára nínú gbogbo wọn, ti oṣù méjì sẹ́yìn, 126 lórí 79. Mo ní nínú ọkàn mi, ṣebí ara rẹ̀ náà ló ti jáde.

Mo tẹ̀ ẹ́.

Bàbá gbé ìka lé e. Iná pupa tàn. Fóònù rò ó títí, ó ní 127 lórí 80.

"Alihamudu lilahi!" Bàbá fò dìde. "Kò fún mi lápá, kò ní kí n tò. Falilat, o káre!"

Ó yà á, ó fi ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù ẹbí fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí Bọ̀dá Umar fi fèsì. "Falilat, má bínú pé mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló fi ọ́ ta wá lọ́rẹ nílé yẹn." Saadat fi àwòrán àtẹ́wọ́ sí i, bíi mẹ́wàá.

Láti ìgbà tí mo ti padà sílé Bàbá, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí mi rí. Mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ kùtù. A ò lọ sí Ararọ̀mí-Ọ̀pin mọ́.

Bí Bàbá bá ti kí Asùbáà tán, fóònù ló kàn. Á gbé ìka lé e, á ké nọ́ńbà náà sí mi bí ẹni tó ń pe orúkọ nínú kíláàsì. "126 lórí 81!" Èmi á ní, "Ó dáa, Bàbá." Á fi ránṣẹ́. Bọ̀dá Umar á fi "Àmín" sí i lábẹ́.

Lẹ́yìn oṣù kan, fóònù dákẹ́. Ó ní òun fẹ́ gba nọ́ńbà tuntun. Bàbá gbé e wá bá mi nídìí ààrò.

"Ó ní kí a wá ẹ̀rọ apá. Ṣé kí a lọ bá Ìbídùnní ni?"

Ẹ ò rí i bí Ọlọ́run ṣe ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Ṣùgbọ́n mo ti ṣètò pé mo fẹ́ bá ẹnì kan pààrọ̀ ojú fóònù láàárọ̀ yẹn.

"Ẹ mú un wá, Bàbá. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Mo yẹ̀yìn sí i, mo tẹ 126 lórí 79. Oṣù tó tẹ̀ lé e, mo tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, n kò wo káàdì mọ́.

Ọjọ́ tí ojú mi là, omi ni mo lọ pọn. Kẹ́ẹ̀gì méjì ni mo gbé gun òkè dé ilé, èémí mi ń lọ sókè sódò, ọkàn mi ń lù kì-kì-kì. Fóònù Bàbá wà lórí àga. Mo kàn gbé ìka lé e ni. Ó ní 126 lórí 80.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo tún gbé e. 127 lórí 79.

Bàbá Dàmọ́lá wọlé nígbà yẹn. Gideon Adégbìtẹ́ lorúkọ rẹ̀, oko òun àti ti Bàbá pààlà, wọ́n sì ti ń ṣọ̀rẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni orí ti ń fọ́ ọ. Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fi kan ìka ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"126 lórí 79! Gideon, o le koko. Oòrùn ló pa ọ́."

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ẹ̀rù ti ń bà mí tẹ́lẹ̀."

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú omi tó ń kán lára mi, mo mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe ara ẹnikẹ́ni ni fóònù yẹn ń kà. Ohun tí mo fi sí i lẹ́nu ló ń tún wí. Ó yẹ kí n pariwo. Mo ní, tó bá di ọ̀la, n ó sọ fún Bàbá. Ọ̀la dé, Bọ̀dá Umar pè láti sọ fún mi pé òun ti fi mí yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ òun ní Àbújá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Kí oṣù kẹrin tó pé, mo ń gbá yàrá Bàbá, mo rí páálí oògùn rẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Èyí tó yẹ kó ti tán ni, ìdajì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé tí oògùn yín ò tán?"

"Mo ń dá a sí méjì ni. Ọjọ́ mìíràn n kì í lò ó rárá." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Nígbà tí ara ti balẹ̀, kí ni mo tún ń kó oògùn jẹ fún? Ṣé o ò rí nọ́ńbà ni?"

Mo la ẹnu. Ọlọ́run gbọ́, mo la ẹnu mi láti sọ ọ́. Ohun tó jáde ni, "Ẹ máa lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ o, Bàbá."

"Nítorí kí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Ó ní òun gbọ́. Kò gbọ́. Kí ló máa fi gbọ́, nígbà tí fóònù ń sọ ohun tó dùn létí rẹ̀ láràárọ̀, tí èmi sì ń ní ó dáa?

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Nọ́ọ̀sì Ìbídùnní gbé fóònù tirẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Osi. Ojú fóònù náà ló fọ́.

"Falilat, Tíṣà dà? Oṣù mélòó ni n kò ti rí yín?"

"À ń wọ̀n ọ́n nílé, Àǹtí."

"Kí lẹ fi ń wọ̀n ọ́n?"

"Ẹ̀rọ wà nílé."

"Èyí tí wọ́n ń dè mọ́ apá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bá mi kí i." Mo pààrọ̀ ojú fóònù rẹ̀ láìgbé orí sókè.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé, kajú ń pọ́n, ó ń já bọ́. Bàbá àti Bàbá Dàmọ́lá jọ lọ sóko láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, Bàbá Dàmọ́lá ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, bó sì ṣe sọ ọ́ nìyí.

Wọ́n ń ṣa kajú. Bàbá gbé àpò, àpò bọ́. Ó tún gbé e, ó tún bọ́. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún òun ń ṣe òun bí ẹni pé ó sùn. Bàbá Dàmọ́lá wò ó lójú, ó rí i pé ẹnu rẹ̀ ti ń wọ́ sápá kan.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n pe Falilat kó gbé yín lọ sílé ìwòsàn."

Bàbá fi ọwọ́ òsì yọ fóònù lápò. Ó gbé ìka lé e. 126 lórí 80.

"Kò sí nǹkan kan," Bàbá wí. "Wò ó fúnra rẹ. Oòrùn ni. Jẹ́ kí n sinmi díẹ̀."

Bàbá Dàmọ́lá wò ó. Ó rí nọ́ńbà náà. Ó bu omi fún un, wọ́n sì jókòó sábẹ́ igi kajú. Bàbá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta sí i, gbogbo rẹ̀ ló dára. Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n jókòó síbẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá ò yé e mọ́ ló tó pè mí.

Ẹ fojú inú wò ó. Àgbà méjì tórí wọn pé, tí ara ń sọ fún wọn pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n tí fóònù ní kò sí nǹkan. Fóònù ni wọ́n gbà gbọ́. Wọ́n gbà á gbọ́ nítorí pé Falilat ló ṣe é.

Ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ láti Obbo-Aiyégúnlẹ̀ la fi gbé e dé Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Nínú ọkọ̀, Bàbá di ọwọ́ mi mú. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ nínú ohun tó ń sọ ni "ulé." Ilé ló fẹ́ lọ.

Ìbídùnní sáré de ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó wò ó, ó tún fẹ́ ẹ.

"214 lórí 122," ó wí. Ó kọjú sí mi. "Falilat, ṣé ẹ ò wọ̀n ọ́n nílé ni?"

Fóònù mi dún. Bọ̀dá Umar ni, mo ti pè é nínú ọkọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́, mo sì sọ nọ́ńbà tí Ìbídùnní bá fún un.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má ṣi nǹkan ṣe o!" ó ń pariwo. "Ẹ̀jẹ̀ Bàbá ò ru! Láàárọ̀ yìí ló fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí wa, 126! Ẹ wo fóònù rẹ̀, ó wà níbẹ̀! Bóyá ẹ̀rọ tiyín ló bàjẹ́!"

Bàbá Dàmọ́lá na fóònù Bàbá sí Ìbídùnní. Bí Ìbídùnní ṣe ń fún Bàbá ní oògùn, tó sì ti rán ẹnì kan lọ wá ọkọ̀ tó máa gbé wa dé Ìlọrin, ó wò ó ní ìgbà kan péré. Ó dúró sójú kan.

"Ta ló fi èyí sí i? Fóònù yìí ò ní èyí. Irú rẹ̀ lẹ̀gbọ́n mi ń lò."

Mo tẹjú mọ́ ẹ̀rọ tó wà lápá Bàbá.

Ó tẹ ibì kan. Ìwé kékeré kan yọ lójú fóònù, gbogbo nọ́ńbà tí fóònù ti gbà lọ́wọ́ èèyàn wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ wọn.

"126 lórí 79," ó kà. "Oṣù tó tẹ̀ lé e, 126 lórí 79. Oṣù tó tẹ̀ lé e, 126 lórí 79. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún." Ó gbé ojú sókè. "Ẹ̀rọ apá wo ló ń bá nọ́ńbà kan náà lára aláìsàn fún oṣù márùn-ún? Ta ló ń tẹ èyí?"

"N kò mọ̀," mo wí.

Ẹ gbọ́ mi. Bàbá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì níwájú mi, ẹnu rẹ̀ ti wọ́, mo ṣì ní n kò mọ̀.

"Falilat?" Ohùn Bọ̀dá Umar ti yí padà. Kò pariwo mọ́. "Falilat, ìwọ lo ṣí i. Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?"

Bàbá Dàmọ́lá ń wò mí. Òun náà ti rántí orí fífọ́ tirẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀.

"Èmi ni."

"Láti inú ẹ̀rọ wo?"

"Kò sí ẹ̀rọ. Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni."

Mo gbọ́ tí Bọ̀dá Umar mí kanlẹ̀. Ó ní, "O pa bàbá wa," ó sì gé ìpè náà.

Bàbá ò kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò ní Ìlọrin. Dókítà sọ fún wa láìfi bò pé ká ní wọ́n tètè gbé e dé ni, apá yẹn ì bá lè gbé nǹkan lónìí. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ń gbìyànjú. Apá ọ̀tún, tó fi kọ́ gbogbo ìlú ní ìwé, kò padà.

Bọ̀dá Umar àti Saadat wá. Wọn ò lù mí, wọn ò tilẹ̀ bú mi tó bí mo ṣe fẹ́. Wọ́n pinnu pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Bàbá, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà tún ru. Bàbá Dàmọ́lá náà gbà. Bí wọ́n ṣe bò mí láṣìírí nìyẹn, àwọn tí mo dá lóró.

Mo rò pé ara máa tù mí. Irọ́ ni.

Bàbá padà sílé. Ẹ̀rọ apá tuntun wà nílé báyìí, nínú agolo kí eku má baà dé ibẹ̀. Mo ti pa ohun tí mo fi sínú fóònù yẹn rẹ́, mo ti dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n rà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń bá Bàbá wọ ẹ̀wù, ó sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ báyìí.

"Falilat, mo ti ń rò ó. Fóònù yẹn dára. Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n lò. Ìka mi ni kì í dúró sójú kan. Má jẹ́ kí wọ́n dá ọ lẹ́bi. Èmi ni mo ṣe ara mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti gbọ́ èébú láyé mi. Mo gbọ́ ti ìyá ọkọ, mo gbọ́ ti oníbàárà. Kò sí èyí tó dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo kúnlẹ̀. Ẹ̀wù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Ìka yín dúró, Bàbá. Èmi ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti Abdulqoyyum, mo sọ ti káàdì, mo sọ ti nọ́ńbà oṣooṣù, mo sọ ti omi tí mo pọn. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó fi ọwọ́ òsì gbé apá ọ̀tún rẹ̀ lé orí itan.

"Ọjọ́ tí mo ń dá oògùn sí méjì," ó wí, "tí o bá a lábẹ́ ìrọ̀rí. O ti mọ̀ nígbà yẹn?"

Ìbéèrè tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù nìyẹn.

"Mo ti mọ̀, Bàbá."

"O ti mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ forí jì mí."

"Mo ti forí jì ọ́," ó dáhùn. "Wọ̀ mí lẹ́wù."

Mo wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta báyìí. Ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń dáhùn tí mo bá kí i, ó ń ṣàdúrà fún mi bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Kò bínú. Ẹni tó bá wọlé wa ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀, tí mo bá gbé páálí oògùn rẹ̀ pẹ̀lú omi síwájú rẹ̀, Bàbá mi, tíṣà tó kọ́ mi ní ìwé kíkà, kì í ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í sì bi mí. Á gbé e kalẹ̀ sórí itan rẹ̀, á máa dúró. Tí Bàbá Dàmọ́lá bá wá kí i kó tó lọ sóko, á na páálí náà sí i lójú mi.

"Gideon," á wí, "bá mi wò ó. Ṣé òun ni wọ́n kọ fún mi?"